Ìgò Tí Ìyá Ìjàn Gbé Wá

Ẹ bá mi gbé Ọlọ́run ga! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn yẹn, mi ò gbọ́ ohùn yín o! Ẹ gbé e ga! Ẹni tí à bá máa ṣòkú rẹ̀ ló jókòó síwájú yín yìí, tó gbé fìlà lé orúnkún, tó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ọ̀hún ò kàn án. Ọkọ mi ni. Olúwa, ẹ ṣé! Ẹ ṣé o!

Ẹ̀yin ará, ẹsẹ̀ òsì Bàbá Tóyìn ló kọ́kọ́ wú. A rò pé iṣẹ́ oko kòkó ni. Nígbà tí kò lè fi tẹlẹ̀ mọ́, a gbé e lọ sí ọsibítù ní Adó, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ló dì sínú iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀. Dókítà obìnrin kan fún un ní oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Ó mú àwa méjèèjì jókòó.

Ó ní, "Bàbá, Màmá, oògùn yìí dára, ṣùgbọ́n kò fẹ́ àṣìlò. Bó bá kéré jù, ẹ̀jẹ̀ á tún dì. Bó bá pọ̀ jù, ẹ̀jẹ̀ á máa dà. Ìdí nìyẹn tí a ó fi máa yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò déédéé. Ẹ má ra oògùn ara ríro ní kẹ́mísì láìbi wá. Ẹ má mu àgbo. Ẹ̀fọ́ tẹ́ ẹ ń jẹ, bẹ́ ẹ ṣe ń jẹ ẹ́ ni kẹ́ ẹ máa jẹ ẹ́, ẹ má ṣàdédé sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ má sì ṣàdédé pa á tì."

Ọkọ mi ní òun ti gbọ́. Ó gbọ́ lóòótọ́. Ìfẹ́ ni kò jẹ́ kó tẹ̀ lé e.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Ìyá Ìjàn fún yín. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ni, Ìjàn ló lọ́kọ sí. Nígbà tí ìyá wọn kú, òun ló pọn ọkọ mi, òun ló gún iyán tó jẹ dàgbà. Títí dòní, pẹ̀lú gbogbo ewú orí ọkọ mi, bí obìnrin yẹn bá ní "jókòó," kíá ló ti jókòó! Ó wá kí i nígbà tí mo wà ní ìpàdé àwọn ìyá ìjọ. Ẹ̀yin náà kúkú mọ̀ wá, a kì í fi ọwọ́ òfo lọ kí aláìsàn. Ó gbé iṣu wá, ó gbé epo wá, ó sì gbé ìgò àgbo kan, áyù àti atalẹ̀ ló kún inú rẹ̀. Ta ló fẹ́ dá ohun tí irú ìyá bẹ́ẹ̀ gbé wá padà? Ọkọ mi gbà á, ó dúpẹ́, ó tọ́jú rẹ̀ sẹ́yìn àpótí aṣọ. Àràárọ̀ ló ń mu ún, mi ò mọ̀!

Kò pẹ́, bó bá ń run orín, ẹ̀jẹ̀ á máa jáde lérìgì. Ó ní orín ló le. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, imú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ̀jẹ̀. A fún imú náà pọ̀, kò dá. Ó lọ sí ilé ìgbẹ́, ohun tó jáde dúdú bí èédú. Yéè! Jésù mi! Láti Ìṣẹ́, ìlú wa níbí, dé Adó, àyà mi ni mo fi gbé orí rẹ̀ nínú mọ́tò. Mo ń sọ pé, "Olówó orí mi, ẹ má fi mí sílẹ̀ o."

Ìyá Ìjàn gbọ́, ó bá wa níbẹ̀. Dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní, "Bàbá, kí lẹ tún ń lò mọ́ oògùn yìí?"

Ọkọ mi ní kò sí.

"Bàbá, bí mi ò bá mọ̀ ọ́n, mo lè ṣi ìtọ́jú yín ṣe."

Ọkọ mi wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó dúró lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, ó sì gbójú kúrò. Ẹ̀yin ará, ọkùnrin yìí ti múra àtikú, kí ojú má baà ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀!

Ìyá Ìjàn bọ́ síwájú. Ẹ mọ̀ ọ́n, kì í yí ohùn Èkìtì rẹ̀ padà fún ẹnikẹ́ni. Ó ní, "Dókítà, ẹ má bi í mọ́. Àgbo ni. Èmi ni mo gbé e wá fún un láti ulé mi." Ó wá kọjú sí àbúrò rẹ̀. "Ṣé kí o lè kú nítorí ìtìjú mi ni mo ṣe pọ̀n ọ́?" Ó bú sẹ́kún. Ọkọ mi náà ń sunkún.

Dókítà di Ìyá Ìjàn lọ́wọ́ mú. Ó ní, "Màmá, àgbo yẹn ló fi kún agbára oògùn náà tí ẹ̀jẹ̀ fi ń dà. Ẹnu yín ló gbà á là yìí." Wọ́n dá oògùn yẹn dúró, wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ tí ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára. Ẹ̀jẹ̀ dá! Mo ní ẹ̀jẹ̀ dá! Nígbà tí ara rẹ̀ padà bọ̀ sípò, dókítà fúnra rẹ̀ ló ní kó tún bẹ̀rẹ̀ oògùn náà, díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì ń ṣọ́ ọ.

Ìwọ tó ń lo oògùn dókítà, tó o tún fi nǹkan míì pa mọ́ sẹ́yìn àpótí, sọ ọ́ lónìí. Má dá oògùn rẹ dúró fúnra rẹ o! Lọ sọ fún dókítà. Ọlọ́run tó ṣe tiwa kò tíì sùn, yóò ṣe tìrẹ.

Ìyá Ìjàn, ẹ dìde kí wọ́n rí yín. Ẹ kú ìfẹ́, ìyá mi. Ẹ wò ó, ó tún gbé nǹkan dání! Ẹ má fòyà o. Iṣu ni. Ó ti fi fóònù bi dókítà kó tó kúrò nílé.