Ọkọ̀ Onígbòkun Bàbá Sàlàkọ́ àti Ọ̀rọ̀ Kan Ṣoṣo Tó Kù Lẹ́nu Wọn

Ẹ̀yin ará àdúgbò wa ní Ìgándò, ẹ̀yin tí ẹ bá mi yọ̀ lọ́jọ́ tí mo di ọlọ́kọ̀ ojú omi, ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí kò dùn-ún gbọ́. Ó ti lé lọ́dún méjì tó ti ń jẹ mí nínú. Èmi Simeon, tí gbogbo yín ń pè ní Tíṣà, irọ́ ni mo fi gba ọkọ̀ náà. Mi ò jí i lóru, mi ò sì fi ìbọn gbà á. Ojú yín ni mo ti gbà á, lọ́sàn-án gangan, ẹ sì tún pàtẹ́wọ́ fún mi. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi ò tilẹ̀ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ọjọ́bọ̀ tó kọjá ló bá mi, nígbà tí ẹni tó yẹ kí n dọ̀bálẹ̀ fún wá kúnlẹ̀ síwájú mi. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ mí dáadáa, Ìlàjẹ ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi fi ọkọ̀ onígbòkun pẹja títí di ọjọ́ ogbó wọn. Kí n tó mọ̀wé kà ni mo ti mọ bí atẹ́gùn ṣe ń wọnú aṣọ ọkọ̀. Iṣẹ́ tíṣà ló gbé mi wá sí Èkó, mo wá há sí Ìgándò, níbi tó jẹ́ pé omi tí mò ń rí kò ju ọ̀gbàrá òjò lójú títì lọ. Ẹ wá wo bó ṣe rí lára mi lọ́jọ́ tí Bàbá Sàlàkọ́, tí ilé wọn kọjú sí ilé tí mo háyà, gbé ọkọ̀ onígbòkun kékeré kan wọ ọgbà wọn. Èbúté ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, òyìnbó kan tó ń padà sílé ló sì tà á fún wọn. Ó ti gbó. Ìdí rẹ̀ ti sán, òpó rẹ̀ ti wọ́, aṣọ rẹ̀ ti jẹrà. Àwọn èèyàn ń fi Bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, àbí Nóà ni wọ́n ni? Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo sọdá títì, mo kí wọn, mo fọwọ́ kan ìdí ọkọ̀ náà, omi sì bọ́ lójú mi. Bàbá wò mí títí, wọ́n ní, "Tíṣà, ó jọ pé o mọ nǹkan yìí." Láti ọjọ́ náà, gbogbo Sátidé la fi ń tún un ṣe, fún ọdún mẹ́ta gbáko: èmi, Bàbá, àti Mardiyah, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí. Ọmọ náà á mú sáńpépà, á máa fi ha ìdí ọkọ̀ títí ọwọ́ rẹ̀ á fi bó. Bàbá máa ń sọ pé Mardiyah ló ni ín, pé ọmọ náà ló máa kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ bó bá kan omi. Èmi á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nínú mi lọ́hùn-ún, mo máa ń sọ pé, kí ni ọmọ tí wọ́n bí sí Ìgándò fẹ́ fi ọkọ̀ ṣe? Èèyàn burú. Èmi ni mò ń bá wí.

Ìgbà tí iṣẹ́ kù díẹ̀ kó parí ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu Bàbá. Apá ọ̀tún wọn rọ, ọ̀rọ̀ sì kú mọ́ wọn lẹ́nu. Lẹ́yìn bí oṣù kan, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo padà, òun ni "Bẹ́ẹ̀ ni." Ẹ béèrè bóyá wọ́n sùn dáadáa, wọ́n á ní bẹ́ẹ̀ ni. Inú gbogbo wa dùn, a ní ara ti ń yá. Mardiyah máa ń lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀ ní Abúlé Ẹ̀gbá, ilé-ìwé wa sì wà nínú ìsinmi, nítorí náà èmi ni mo máa ń jókòó ti Bàbá lọ́sàn-án. Ibẹ̀ ni mo ti rí ohun tí mo rí. Mo ní, "Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ mumi?" Wọ́n ní, "Bẹ́ẹ̀ ni," wọ́n sì yí ẹnu kúrò lára ife. Mo ní, "Àbí ẹ ò fẹ́?" Wọ́n ní, "Bẹ́ẹ̀ ni." Mo wá ń ṣàwàdà, mo ní, "Ṣé ká fẹ́ ìyàwó tuntun fún yín ni?" Wọ́n ní, "Bẹ́ẹ̀ ni," omi sì ń dà lójú wọn. Ó yé mi nígbà náà pé ohun tí ẹnu wọn lè gbé jáde kò ju ìyẹn lọ. Bí wọ́n bá fẹ́ sọ pé rárá, òun náà ló máa bọ́ síta. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Mardiyah fúnra rẹ̀ bi mí, "Tíṣà, ẹ ò kíyè sí i pé kò sóhun tí Bàbá kì í dáhùn bẹ́ẹ̀ ni sí?" Mo wo ojú ọmọ náà, mo ní, "Rárá o. Gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ ló yé wọn yékéyéké." Mi ò tíì mọ ohun tí mo fẹ́ fi irọ́ yẹn ṣe, mo ṣáà pa á, mo tọ́jú rẹ̀.

Kò pẹ́ tí mo fi rí ohun tí mo fẹ́ fi ṣe. Alága àwọn onílé, Ọ̀gbẹ́ni Henry, sọ pé wọ́n fẹ́ la gọ́tà gba ẹ̀gbẹ́ ilé Bàbá, pé ọkọ̀ náà dí ọ̀nà, kí ẹni tó bá ni ín wá gbé e. Ẹnu mi ló kọ́kọ́ yá. Mo ní, "Èmi ni. Bàbá ti fún mi kí àìsàn tó dé." Alága ní, "Kò burú. Bàbá ṣì wà láàyè, ẹ jẹ́ ká gbọ́ ọ lẹ́nu wọn kọ́rọ̀ tán." Ní ọ̀sán ọjọ́ Sunday, a tó mẹ́jọ nínú pálọ̀ Bàbá. Èmi fúnra mi ni mo béèrè, mo sì sọ ọ́ ketekete bí ẹni ń kọ́ ọmọ léwì: "Bàbá, ṣé òótọ́ ni pé ẹ fún mi ní ọkọ̀ yín?" Wọ́n wò mí. Mi ò lè gbàgbé ojú yẹn láéláé. Wọ́n ní, "Bẹ́ẹ̀ ni." Ìgbà yẹn lẹ pàtẹ́wọ́. Mardiyah bọ́ síwájú, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ tún bi wọ́n. Ẹ bi wọ́n bóyá èmi ni wọ́n fún. Bẹ́ẹ̀ ni kan náà ni wọ́n máa sọ." Ẹ̀yin náà mọ̀ pé láàárín wa, ẹnìkan kì í bi àgbà ní ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mejì bí ẹni ń dán an wò, ká má tilẹ̀ sọ àgbà tó ń ṣàìsàn. Mo mọ̀ pé kò sẹ́ni tó máa béèrè, òun ni mo gbójú lé. Mo tún wá fi epo sí iná. Mo ní, "Mardiyah, ṣé o fẹ́ sọ lójú gbogbo èèyàn pé orí bàbá ẹ ti dàrú ni? Torí ọkọ̀?" Ó wò mí tìyanutìyanu, ó ní, "Tíṣà, olè ni yín." Ni gbogbo ilé bá bo ọmọ náà. Ẹ ní kò lẹ́kọ̀ọ́, ẹ ní kó kúnlẹ̀ bẹ̀ mí. Kò kúnlẹ̀, ó jáde. Ọwọ́ òsì Bàbá ń lu apá àga, pá, pá, pá. Ẹnìkan ní ìdùnnú ni.

Bí mo ṣe di ọlọ́kọ̀ nìyẹn. Àwọn ọ̀dọ́ gbé e sọdá wá sílé mi, wọ́n ń kí mi kú oríire. Olútóyìn ìyàwó mi bi mí bóyá lóòótọ́ ni Bàbá fi tọrẹ, mo ní, "Ṣé o ò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ ni?" Lọ́jọ́ kẹta, mo já àgádágodo tí Bàbá fi ti àpótí tó wà níwájú ọkọ̀ náà. Aṣọ ìgbòkun tuntun ni mo bá níbẹ̀, funfun báláú, wọ́n ká a sínú ọ̀rá. Àṣé wọ́n ti gbé e fún télọ̀ ní Ìkòtún láìsọ fún wa. Mo tú u. Ní etí rẹ̀ nísàlẹ̀, Bàbá fọwọ́ ara wọn kọ ọ́ pẹ̀lú yíǹkì aláwọ̀ búlúù: *Mardiyah ló ni ín. Tíṣà ni atukọ̀ rẹ̀, kó máa kọ́ ọ títí yóò fi mọ̀ ọ́n.* Mo jókòó sínú ọkọ̀ náà gbì. Ohun tí wọ́n ń gbé bọ̀ wá fún mi ni mo sáré lọ jí lójú ọ̀nà.

Mo sáré tọ Bàbá lọ. Àwọn nìkan ló wà nílé. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, mo ní, "Bàbá, ṣé ẹ dárí jì mí?" Wọ́n ní, "Bẹ́ẹ̀ ni." Ọkàn mi fúyẹ́, mo ti ń dìde. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rù bà mí, mo ní, "Àbí ẹ ò dárí jì mí?" Wọ́n ní, "Bẹ́ẹ̀ ni." Wọ́n wá yíjú sí ògiri. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n fi kú. Mo wà níbi ìsìnkú náà, mo bá wọn bu yẹ̀pẹ̀, mi ò sì sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Mo ká aṣọ náà padà sínú àpótí, mo fi tapólì bo ọkọ̀. Kò tíì kan omi títí di òní. Mardiyah kó lọ sí Ayọ̀bọ̀, ó lọ́kọ níbẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ tó kọjá ló wọlé tọ̀ mí wá pẹ̀lú ọkọ rẹ̀. Ó ń lọ sí Mẹ́kà. Ó ní Ààfáà àwọn sọ pé kí àwọn tọrọ àforíjì lọ́wọ́ gbogbo ẹni tí àwọn bá ti ṣẹ̀ kí àwọn tó gbéra. Orí sìmẹ́ńtì lásán ló kúnlẹ̀ sí. Ó ní, "Tíṣà, mo pè yín ní olè lójú àwọn èèyàn. Kò yẹ kí n sọ ọ́. Bàbá mi ló ni nǹkan wọn, ẹni tó wù wọ́n ni wọ́n lè fún. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ yáfí mi." Ọlọ́run ló mọ̀, mo la ẹnu láti sọ òtítọ́. Ohun tí mo gbọ́ pé mo sọ ni, "Mo ti yáfí ẹ, ọmọ mi." Mo sì gbọ́wọ́ lé e lórí, mo ṣàdúrà fún un. Mo jí ogún tó tọ́ sí ọmọ náà, ó tún wá bẹ̀ mí, mo sì dárí jì í. Nínú gbogbo ohun tí mo ti ṣe láyé, èyí ló burú jù. Ó sunkún, ó dúpẹ́, ó fi ọ̀rá dàbínù kan sílẹ̀ fún wa. Ó ṣì wà lórí tábìlì, kò sẹ́ni tó lè jẹ ẹ́ nínú èmi àti Olútóyìn. Òru ọjọ́ náà ni mo sọ fún Olútóyìn, kò sì tíì bá mi sọ̀rọ̀ láti ìgbà náà.

Mardiyah, Tuesday ni bàálù yín ń gbéra. Ìdí nìyí tí Olútóyìn fi ń mú ìwé yìí bọ̀ ní Ayọ̀bọ̀ lónìí. Ẹ̀dà rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ Alága Henry, mo sì ti bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kà á níbi ìpàdé àwọn onílé, kí gbogbo ẹni tó bú ẹ lọ́jọ́ náà lè gbọ́. O ò ṣẹ̀ mí. Orúkọ mi lo pè. Má gbé ẹ̀ṣẹ̀ tí o kò dá lọ sí Mẹ́kà. Ọkọ̀ rẹ ń dúró dè ẹ́, aṣọ rẹ̀ wà nínú àpótí, ọwọ́ bàbá rẹ sì wà lára aṣọ náà. Mò ń bẹ̀ ọ́, ṣùgbọ́n má torí pé o fẹ́ gbéra yáfí mi. Ẹnu bàbá rẹ ò lè sọ rárá fún mi, tìrẹ lè sọ ọ́. Bó bá jẹ́ rárá ni, wí i fún mi, màá gbọ́ ọ.