Dáì Ló Jẹ Irun Yẹn

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì kọrin. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ọjọ́ náà ló pé yìí, bí mo bá sì tún dákẹ́, ẹ̀mí lè bá a lọ. Èmi Leah, onídìrí tí gbogbo yín mọ̀ ní Mọ́níyà, èmi ni mo ba irun Ìfẹ́olúwa jẹ́. Kì í ṣe Màmá Fádèyí. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ tán kí ẹ tó pariwo lé mi lórí.

Ìdána Ìfẹ́olúwa ku ọ̀la nígbà tó wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Ó ní kí n fi ríláásà na irun òun, kí n sì fi dáì aláwọ̀ wúrà kùn ún lẹ́ẹ̀kan náà. Mo mọ̀ pé kò yẹ. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ kìlọ̀ títí ẹnu rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bó: irun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ ríláásà kò gbọdọ̀ rí dáì àfi tí ọ̀sẹ̀ mélòó kan bá kọjá, kí n kọ́kọ́ fi díẹ̀ kan ẹ̀yìn etí oníbàárà, kí n wò ó di ọjọ́ kejì, bí orí bá sì ti ń ta á, kí n fi omi tútù ṣan án kíá. Ojúkòkòrò ni mo fi gbé gbogbo rẹ̀ jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo tilẹ̀ po dáì náà le ju bó ṣe yẹ lọ, kó lè tètè mú. Ọmọ náà ní, "Àǹtí, orí ń ta mí o." Mo ní, "Fara dà á, ìyàwó, ó kù díẹ̀." Mo bá jókòó ti fóònù. Nígbà tí mo wá ń ṣan án, irun ń bá ọwọ́ mi lọ bí òwú tó ti jẹrà. Mo fi ẹsẹ̀ gbá a sábẹ́ àga kó má bàa rí i.

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, iwájú orí rẹ̀ ti pá, egbò ti bò ó. Ìyá rẹ̀ wá bá mi, ó ní, "Leah, kí lo fi sí ọmọ mi lórí?" Ẹ̀rù bà mí. Ẹ ṣáà mọ̀ pé obìnrin àdúgbò yìí kì í fi irun tó já sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Yóò kó o sínú ọ̀rá lọ sílé, kí ọ̀tá má bàa rí i lò. Ìfẹ́olúwa ò kó tirẹ̀ lọ́jọ́ náà nítorí ìkánjú. Mo bá bi ìyá rẹ̀ pé, "Ṣé ó kó irun rẹ̀? Ṣé ẹ mọ ẹni tó gbálẹ̀?" Màmá Fádèyí ló ń bá mi gbálẹ̀. Opó ni, kò bímọ, Ifá sì wà nínú orúkọ ọkọ rẹ̀ tó kú. Ìyẹn nìkan ti tó ẹ̀rí lójú yín. Ó yẹ kí n dákẹ́ níbẹ̀, èmi ìkà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ìsinmi, mo dìde níbi tí mo dúró sí yìí, nínú aṣọ funfun, mo ní Ẹ̀mí fi ìyá arúgbó kan hàn mí tó ń di irun mọ́ inú aṣọ dúdú. N ò rí nǹkan kan. Orúkọ Ọlọ́run ni mo fi bo iṣẹ́ ọwọ́ mi.

Ẹ mọ èyí tó tẹ̀lé e. Wọ́n da ẹrù màmá síta, wọ́n lé e kúrò ní yàrá tó háyà. Kò bú mi. Ó kàn wò mí, ó ní, "Leah, ìwọ lo fi ihò ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù tí mò ń da irun sí hàn mí. Lọ wo inú rẹ̀, irun ọmọ náà ṣì wà níbẹ̀." N ò lọ. Ó wá forí lé ọ̀dọ̀ àbúrò rẹ̀ ní abúlé kan lẹ́bàá Lálúpọn. Láàárọ̀ yìí ni Mùjíbátù, tó ń kó tòmátò láti abúlé náà wá sí ọjà Ṣáṣá, sọ fún mi pé ọmọdé kan kú níbẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ sì ní àjẹ́ tí wọ́n lé ní Mọ́níyà ló pa á. Ó ní, "Wọ́n ní tó bá di ìrọ̀lẹ́, àwọn á lọ bá a."

Ẹ̀yin ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, bí dáì bá ba irun jẹ́ lọ́wọ́ yín, ẹ jẹ́wọ́ lójú ẹsẹ̀. Ìfẹ́olúwa, dárí jì mí. Jẹ́ kí orí rẹ sinmi, má fi kẹ́míkà tàbí ooru ẹ̀rọ kàn án, kí o sì lọ rí dókítà awọ ara. Ẹ̀yin àgbà ìjọ, mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ kí n kúnlẹ̀ kí ẹ gbàdúrà fún mi. Ẹ má tíì ṣe é. Wọn ò ní gba èmi nìkan gbọ́ ní abúlé yẹn, torí ẹ̀yin lẹ gbé ìròyìn náà débẹ̀. Bọ́ọ̀sì ìjọ wà níta, ọ̀sán sì ti pọ́n. Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká lọ sọ fún wọn pé irọ́ ni mo pa, pé ẹ̀yin náà sì gbà á gbọ́, kí wọ́n tó fọwọ́ kan màmá.