Òróró tí Mo Ní kí Boaz Má Nù

Bí mo bá tún gbé ọ̀rọ̀ yìí mì lónìí, á dì mí lọ́fun pa. Ẹ jẹ́ kí n pọ̀ ọ́. Gbogbo Ìkirè ló gbà pé ọwọ́ Boaz Afọláyan ló pa Salome, ọmọge Àpòmù tó fẹ́ fi ṣaya. Boaz fúnra rẹ̀ gbà bẹ́ẹ̀. Irọ́ ni. Èmi Fọláṣẹwà ni mo pa á, mo sì jókòó ti ọkùnrin náà bó ṣe ń sunkún, mò ń bá a nu ojú.

Ilé kan náà lèmi àti Boaz jọ ń gbé, a kì í ṣe ẹbí. Mẹkáníìkì ni bàbá mi kí wọ́n tó kú, àpótí irinṣẹ́ wọn sì wà lábẹ́ ibùsùn mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ìwé ìfẹ́ mi. Àwọn ìwé yẹn ló tọ́ mi dàgbà. Nínú wọn, ẹni tó bá ní sùúrù ni olólùfẹ́ rẹ̀ máa ń yíjú sí níkẹyìn. Obìnrin kejì á kàn pòórá lójú ewé kan, ẹnikẹ́ni ò ní béèrè ibi tó wọlé sí. Ojú ewé yẹn ni mò ń retí. Boaz máa ń fi ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ láti oko Àpòmù wá fún àwọn tó ń dín dòdò ní Ìkirè. Bó bá ti fọn fèrè lẹ́nu ọ̀nà báyìí, màá ti sáré jáde. Òun sì rèé, "Àbúrò mi" ló ń pè mí. Àbúrò! Bí ẹni fi ata sójú egbò.

Nígbà tí mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ wọn ku ọ̀la, ó rí i pé ọ́ìlì ń jò lẹ́sẹ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀. "Ṣẹwà, gbé àpótí Bàbá wá jọ̀ọ́. Mi ò ní gbé ọkọ̀ tó ń tọ̀ sára lọ bá àna mi." Ó fi jáàkì gbé ọkọ̀ náà sókè lábẹ́ igi máńgòrò, ó tú táyà, ó fa irin gbọọrọ tó ń yí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn jáde, ó sì yọ síìlì tó ti gbó, rọ́bà róbótó tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì rí ọ̀nà jáde. Ó wá ń fi bẹntiróòlù fọ bíréèkì, ó ń fọ̀ ọ́ láfọ̀túnfọ̀. Èmi ni mò ń na irinṣẹ́ sí i, bí mo ṣe máa ń ṣe fún bàbá mi.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń fọ̀ ọ́ tó báyẹn, Bọ̀dá mi?"

"Ọ́ìlì àti bíréèkì kì í gbé pọ̀. Bó bá ta sí ẹsẹ̀ kan, èkejì á mú, èyí ò ní mú. Ọjọ́ tó o bá tẹ̀ ẹ́ lójijì, ìdí ọkọ̀ á fì sẹ́gbẹ̀ẹ́, á gbá ẹni tó bá wà níbẹ̀."

Ẹ gbọ́ o. Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbèjà mi pé n kò mọ̀.

Fóònù rẹ̀ dún. Ọwọ́ rẹ̀ dọ̀tí, ó ní kí n bá òun gbé e, kí n ṣí ohùn rẹ̀ síta. Salome ni. "Eyínfúnjowó mi!" ló fi kí mi. Orúkọ tí ìyàwó ilé máa ń sọ àbúrò ọkọ ló sọ mí yẹn, kò tiẹ̀ tíì wọlé. Ó ti sọ mí di àbúrò ọkọ pátápátá, ó ti tilẹ̀kùn rẹ̀ pa. "Bá mi ṣọ́ ọkọ mi o! Bó bá gbé gíríìsì wọ ilé wa lọ́la, a ó dá a padà!"

Boaz ń rẹ́rìn-ín lábẹ́ ọkọ̀. "Sọ fún un pé ọjà tá a bá tà ní Ìkirè, a kì í gbà á padà!"

Salome tún ní, "Ṣé o ti gba aṣọ tí mo rán fún ọ? Ẹ̀gbẹ́ mi lo máa dúró lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Ta ni mo tún ní?"

Mo ní, "Ẹ ṣé, Àǹtí mi." Ohùn mi dùn bí oyin.

Síìlì tuntun tí Boaz rà wà lọ́wọ́ mi. Ó jáde lábẹ́ ọkọ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó ń wá àkísà. Mo mú abẹ nínú àpótí bàbá mi, mo sín ètè rọ́bà náà ní gbẹ́rẹ́ kan, tín-ín-rín, mo sì fi gíríìsì pa ojú rẹ̀ rẹ́. Mo nà án sí i. "O ṣé, àbúrò mi." Ó fi òòlù lù ú wọlé jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni ń tẹ́ ọmọ sórí ẹní.

Nínú ìjọ wa, a kì í tún ọkọ̀ ṣe ká má gbàdúrà sí i. Màmá Aládùúrà wá, wọ́n ta òróró sí gbogbo táyà, wọ́n sì kìlọ̀ pé ká má nù ún títí tá a ó fi lọ tá a ó fi bọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni Boaz gbé ọkọ̀ náà lọ kó iṣu àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí wọ́n fẹ́ gbé lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó rí ipa ọ́ìlì tútù lápá inú táyà ẹ̀yìn. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka kàn án. Bó bá gbé ìka yẹn dé imú péré, ó parí: ọ́ìlì gíà máa ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́, òróró àdúrà sì ń ta sánsán.

"Ṣẹwà, ṣé kì í ṣe pé ó tún ń jò?"

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn, bí mo ṣe lá a lálàá tó! "Òróró Màmá ni, Bọ̀dá mi. Ẹ má nù ún o. Àbí ẹ fẹ́ fọwọ́ ara yín nu ìbùkún dànù lọ́jọ́ òní?" Mo fi etí ìborùn mi nu ìka rẹ̀. Òórùn burúkú náà gbá mi nímú. Mo rẹ́rìn-ín sí i. Ó ní "Àmín," ó wọ ọkọ̀. Mo ní inú ń run mí, mi ò bá wọn lọ.

Òjò ti rọ̀ ní Àpòmù. Salome àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dúró níwájú ilé wọn, wọ́n ń juwọ́. Ewúrẹ́ kan já sójú ọ̀nà, Boaz tẹ bíréèkì, ìdí ọkọ̀ fì, ó gbá Salome mọ́ ògiri. Wọ́n ní Salome ṣì ń rẹ́rìn-ín bí ìdí ọkọ̀ ṣe ń fì bọ̀. Ó rò pé ọkọ òun ń bá òun ṣeré ni.

Ṣé ẹ rò pé ibẹ̀ ni ìkà mi parí sí? Lẹ́yìn ìsìnkú, Boaz wá bá mi. "Ṣẹwà, ìwọ lo na síìlì yẹn sí mi. Jọ̀ọ́, ṣé ara rẹ̀ pé?"

Ọlọ́run ṣí ilẹ̀kùn ìjẹ́wọ́ fún mi níbẹ̀ gbayawu. Mo wo ojú rẹ̀ tí ẹkún ti mú wú. "Ara rẹ̀ pé, Bọ̀dá mi. Ẹ̀yin lẹ fi òòlù lù ú jù, ló fi ya. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nígbà yẹn, mo rò pé ẹ mọ̀ ọ́n ṣe ni."

Mo rí i bí ọ̀rọ̀ náà ṣe wọlé sí i lára, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí síìlì ṣe wọ ihò rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò fọwọ́ kan òòlù mọ́. Ìyá Salome pè é ní apàyàwó láàárín ọjà, Boaz forí balẹ̀ fún un. Èmi ni mò ń se oúnjẹ fún un, èmi ni mò ń sọ pé kó pẹ̀lẹ́. Inú mi sì dùn. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ìyẹn náà: inú mi dùn.

Lánàá, ó pè mí sábẹ́ igi máńgòrò. "Fọláṣẹwà," ó ní, kò pè mí ní àbúrò mọ́, "ìwọ nìkan lo mọ ohun tí ọwọ́ mi ṣe, tó ò sì sá fún mi. Ṣé wàá lè fẹ́ apàyàwó?" Ojú ewé tí mò ń retí ti ṣí. Mo lanu láti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó wá na ọwọ́ méjèèjì sí mi, ó ń wò wọ́n bí ẹni ń wo ejò. Ọwọ́ tí kò ṣe nǹkan kan! Mo wọlé lọ, mo mú ìborùn tí mo fi nu ìka rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn jáde nínú ọ̀rá tí mo dì í sí, mo ní kó gbóòórùn rẹ̀.

Ó gbé e sí imú.

"Ọ́ìlì gíà," ó ní.

Mo sọ gbogbo rẹ̀. Kò lù mí. Ó ń yí ọwọ́ rẹ̀ wò níwá lẹ́yìn, bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ohun ìní rẹ̀ padà fún. Ó wá pariwo orúkọ kan. Salome ni. Ó ń ké e lọ títí ó fi jáde lẹ́nu ọ̀nà. Kò bojú wẹ̀yìn.

Ẹ̀yin ọmọge ẹgbẹ́ mi, obìnrin kejì kì í pòórá lójú ewé. Ó ní ìyá. Ó ní ògiri kan ní Àpòmù tí ìyá rẹ̀ kì í fẹ́ kọjá. Ẹ bá mi bẹ Boaz kó tún mú òòlù. Mi ò bẹ̀ ẹ́ pé kó fẹ́ràn mi. Mo ti ń lọ báyìí, ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn. Màá kúnlẹ̀ níbi ògiri yẹn títí Ìyá Salome á fi jáde. Bí wọ́n bá nà mí, bí wọ́n bá fà mí lé ọlọ́pàá lọ́wọ́, mi ò ní jà. Àǹtí Salome, ẹ forí jì mí. Eyínfúnjowó yín ló ń bọ̀. Aṣọ tí ẹ rán fún un ló wọ̀.