Ẹnu Délé Ló Tú Ère Tánganran Mi Sílẹ̀

Ògo! Ògo ni fún Ọba tó ń jẹ́ kí ẹlẹ́tàn fi ẹnu ara rẹ̀ ké sí ẹni tó máa mú un! Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi yìn Ín, ẹ yìn Ín kí òrùlé ilé yìí gbọ́! Ọlọ́run mi ń ríran. Ọlọ́run mi ń gbọ́ràn. Ó gbọ́ èyí tí wọ́n sọ ní gbangba, ó gbọ́ èyí tí wọ́n sọ ní kọ̀rọ̀. Mo dúpẹ́! Mo tún padà wá dúpẹ́!

Ìyá Fẹ́mi ni mí. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba Apple Junction kọjá, ẹ mọ ṣọ́ọ̀bù mi. Ère tánganran ni mò ń tà: áńgẹ́lì, erin, àkùkọ, ìyá tó gbọ́mọ mọ́ra, gbogbo nǹkan mèremère tí èèyàn ń gbé sí pálọ̀ kí àlejò lè máa wò ó. Òkè òkun la ti ń kó o wá. Èmi àti ọkọ mi la jọ dá òwò náà sílẹ̀ nígbà tí ọkọ mi fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀. Òun ló ń bá àwọn tó ń ṣe ère sọ̀rọ̀, èmi ni mò ń tà á. Àbúrò rẹ̀, Délé, ló máa ń bá wa gba ẹrù jáde lọ́wọ́ kọ́sítọ̀ọ̀mù, torí iṣẹ́ ajẹ́ńtì ló ń ṣe.

Bọ̀dá Délé ni mo máa ń pè é. Ó ti wà nílé ọkọ kí n tó wọlé, mi ò sì jẹ́ pe orúkọ rẹ̀ ní gàdàgbà rí. Ṣùgbọ́n lónìí, níwájú Ọlọ́run àti níwájú yín, mo ti yọ bọ̀dá kúrò níbẹ̀. Délé ni!

Ikú mú ọkọ mi lọ. Ẹ ò ní fi irú rẹ̀ gbà á. Omijé ò tíì gbẹ lójú mi tí wọ́n fi pè mí sípàdé ẹbí ní Alákijà, nílé Màmá Alákijà, àbúrò bàbá ọkọ mi tó dàgbà jù nínú ilé. Délé dìde. Ó ní, "Òwò yẹn, ti ẹ̀gbọ́n mi ni. Ìyàwó ò lè dá a ṣe. Kó kó kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù fún mi, èmi náà á máa fún un ní nǹkan táá máa fi jẹun."

Kó máa fún mi ní nǹkan! Nínú ṣọ́ọ̀bù èmi fúnra mi!

Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ̀yin ẹbí mi, ẹ má bínú. Bọ̀dá Délé, ẹ má bínú. Orí mi yìí ni mo fi ń ru ère kiri nígbà tí a ò tíì ní ṣọ́ọ̀bù. Mi ò ní kó kọ́kọ́rọ́ fún ẹnikẹ́ni."

Délé wò mí. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Kò burú, ìyàwó wa." Ẹ̀yin ará, tí ẹni tí ẹ já kulẹ̀ bá rẹ́rìn-ín sí yín báyẹn, ẹ sáré délé, ẹ lọ gbààwẹ̀!

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni ẹrù kan dé, kọ̀ńténà kan gbáko, èyí tí ọkọ mi ti ra kó tó kú. Gbogbo ohun tó ṣẹ́kù fún èmi àti àwọn ọmọ ló wà nínú ẹ̀. Délé ló pè mí. "Ìyàwó, ẹrù ẹ̀gbọ́n mi ti dé o. Èmi náà ni màá gbà á jáde. Ìjà ò sí."

Inú mi dùn! Mo rò pé Ẹ̀mí Mímọ́ ti fọwọ́ kàn án. Mo ní, "Ẹ ṣeun, bọ̀dá. Bí ẹ ṣe máa ń kọ ọ́ náà ni kí ẹ kọ ọ́ o. Ère ọ̀ṣọ́ ni."

Ó ní, "Ṣé o fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ mi ni?"

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, torí ibẹ̀ ni ọ̀tá gbà wọlé. Lọ́dọ̀ kọ́sítọ̀ọ̀mù, orúkọ tí ẹrù bá jẹ́ ni wọ́n fi ń mọ owó ibodè tó máa san. Amọ̀ kan náà ni wọ́n fi mọ àwo ọbẹ̀ àti áńgẹ́lì, iná kan náà ló jó àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n wọn ò pín wọn sójú kan. Èyí tí ẹnu ń jẹun nínú ẹ̀ wà níbi tirẹ̀. Èyí tó jẹ́ pé ojú nìkan ló ń jẹ ẹ́ wà níbi tirẹ̀. Tí ẹ bá pe ọ̀kan ní orúkọ èkejì, irọ́ lẹ pa fún ìjọba, wọ́n sì lè gbẹ́sẹ̀ lé gbogbo ẹrù náà. Délé mọ èyí ju orúkọ ìyá rẹ̀ lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni.

Délé wá lọ kọ ère mi sílẹ̀ ní àwo àti ife ìjẹun.

Ọjọ́ tí wọ́n máa yẹ ẹrù wò, mo múra, mo lọ sí ọgbà tí wọ́n kó kọ̀ńténà náà sí, ní ìhín Amúwo-Ọ̀dọ̀fin níbí. Obìnrin kan ni ọ̀gá tó ń yẹ ẹrù wò, Hájíà ni gbogbo èèyàn ń pè é. Ó fi hìjáàbù sábẹ́ fìlà yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ló ń bá gbogbo wa sọ, kì í rẹ́rìn-ín, kì í pariwo. Wọ́n ṣí páálí àkọ́kọ́. Áńgẹ́lì. Wọ́n ṣí òmíràn. Erin. Hájíà gbé erin kan, ó dojú rẹ̀ délẹ̀, ó fi ìka kan ihò kékeré tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, èyí tí àwọn tó ṣe é fi sílẹ̀ kó má baà bẹ́ nínú iná. Ó bi Délé pé irú ife wo ló ní ihò nídìí.

Délé yíjú sí mi. Ó na ìka sí mi! Ó ní, "Hájíà, èmi ajẹ́ńtì ni mí. Obìnrin yìí ló lẹrù. Òun ló ní kí n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Mo pariwo, mo ní irọ́ ni, mo bú sẹ́kún. Hájíà ní òun ò lè fi ẹkún ṣe ẹ̀rí, pé ẹrù náà kò ní kúrò lójú kan títí àwọn á fi wádìí tán. Tó bá jẹ́ lóòótọ́ ni mo ní kí wọ́n parọ́, ẹrù á di ti ìjọba, èmi náà á sì lọ jẹ́jọ́ onífàyàwọ́. Èmi! Ìyá ìjọ! Onífàyàwọ́!

Délé ò dúró níbẹ̀. Ó gba Alákijà lọ, ó ń rò ó káàkiri pé èmi ni mo ní kí òun parọ́. Kí n tó délé, Màmá Alákijà ti wà lórí fóònù. "Ìyá Fẹ́mi, o fẹ́ ba orúkọ ọmọ wa tó wà nínú sàréè jẹ́? Délé ní tí o bá lè fi ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù yẹn sílẹ̀, òun mọ bí òun ṣe máa bẹ̀ wọ́n. Gbé e fún un, kí ilé tòrò."

Ẹ gbọ́ mi? Ẹni tó tì mí sómi ló tún ń ta okùn fún mi, kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù mi sì ni owó okùn!

Ọ̀rọ̀ náà dá mi dùbúlẹ̀. Wọ́n gbé mi lọ sí ọsibítù. Dókítà so nǹkan mọ́ mi lápá, ó fẹ́ ẹ, ó wò ó, ó tún un fẹ́. Ó ní, "Màmá, ẹ̀jẹ̀ yín ru ju bó ṣe yẹ lọ. Ta ló ń bí yín nínú báyìí?" Mo ní, "Àbúrò ọkọ mi ni." Ó ní, "Ẹ má ronú nípa rẹ̀ mọ́." Mo ní, "Dókítà, mi ò ronú nípa rẹ̀. Mò ń gbàdúrà lé e lórí ni."

Pásítọ̀ wa wà níbí, wọ́n lè jẹ́rìí. Wọ́n wá kí mi, wọ́n ní kí n dárí jì í. Mo ní, "Pásítọ̀ mi, ẹ máa bá mi dárí jì í lọ ná, ẹsẹ̀ mi ò tíì yá tó tiyín." Ẹ̀yin ará, mi ò ní parọ́ lórí pẹpẹ. Mi ò gbàdúrà pé kí Ọlọ́run yí ọkàn Délé padà. Mo ní, "Olúwa, ahọ́n tó fi parọ́ mọ́ mi, òun gan-an ni kó fi sọ ara rẹ̀ di ẹ̀sín. Má pa á. Dá a sí, kó fojú ara rẹ̀ rí i." Àdúrà tí mo gbà nìyẹn láràárọ̀, mi ò sì pa ọjọ́ kan jẹ.

Ọjọ́ ìdáhùn wá dé! Ẹ ṣe Alelúyà tó tẹ́rùn Ọlọ́run!

Hájíà ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá wo ẹrù mi, kí n sọ èyí tó fọ́ àti èyí tí kò fọ́, kí àwọn tó parí ìwádìí. Mo lóṣòó sẹ́yìn àwọn páálí nínú ṣẹ́ẹ̀dì, mò ń tú koríko tí wọ́n fi wé ère. Hájíà dúró lápá iwájú, ó ń sọ Haúsá lórí fóònù. Bẹ́ẹ̀ ni mo gbọ́ ohùn Délé. Ó mú ọkùnrin onífìlà kan dání, ó ń pè é ní Ṣíámáànù. Kò rí mi. Ó kí Hájíà ní Gẹ̀ẹ́sì, ó ní òun wá béèrè ibi tí ọ̀rọ̀ dé. Hájíà gbọ́wọ́ sókè, pé kó jẹ́ kí òun parí fóònù.

Délé wá kọjú sí ọkùnrin náà, ó fi Yorùbá sí i. "Ṣíámáànù, ẹ wo erin yìí! Ẹ gbé e sí pálọ̀, ẹ máa wò ó. Kò wà fún nǹkan mìíràn ju wíwò lọ."

Ọkùnrin náà ní, "Ó dára o. Ṣùgbọ́n ti àwo ìjẹun tí wọ́n kọ yìí, ṣé kò ní kó bá wa?"

Délé rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ọjọ́ ìpàdé! Ó ní, "Ta ló kọ ọ́? Èmi náà ni! Mo mọ̀ọ́mọ̀ ni. Wọ́n á gbẹ́sẹ̀ lé e, wọ́n á lù ú ní gbàǹjo, ẹ̀yin lẹ máa rà á. Opó yẹn ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Tí ọjà bá ti tán lọ́wọ́ rẹ̀, á fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fúnra rẹ̀."

Ọkùnrin náà fojú tọ́ka sí Hájíà. "Obìnrin yìí ńkọ́?"

Délé ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, jàre. Ará Òkè Ọya ni. Kò gbọ́ nǹkan tí à ń sọ."

Hájíà fi fóònù sápò. Ó yíjú sí i. Ó ní, "Bọ̀dá, ẹ kú iṣẹ́ o."

Yorùbá! Ẹ̀yin ará, Yorùbá tó já geere, bíi ti ọmọ tí wọ́n bí sí Ìsàlẹ̀ Èkó!

Ojú Délé ṣú. Ó ń kólòlò. "Há... Hájíà, ṣé ẹ gbọ́ Yorùbá ni?"

Hájíà ní, "Festac ni wọ́n bí mi sí. Kàdúná ni ìjọba ti gbé bàbá mi wá síbẹ̀. Yorùbá ni mo fi ṣeré, òun ni mo fi jà. Ó yá, ẹ tún un sọ. Níbo lẹ ní kí Ṣíámáànù gbé erin sí?"

"Pá... pálọ̀, mà."

"Wọ́n ń fi jẹun?"

"Rárá, mà."

"Kí ni wọ́n ń fi ṣe?"

"Wíwò, mà."

"Ta ló mọ̀ọ́mọ̀ pè é ní àwo ìjẹun?"

Ìgbà náà ni mo dìde láti ẹ̀yìn páálí. Mo kàn wò ó. Ẹ ò rí Délé! Gìrìwò ọkùnrin dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku, kò sì mọ ẹni tó yẹ kó kọjú sí nínú àwa obìnrin méjèèjì. Kó tó gbójú sókè, Ṣíámáànù ti fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ!

Délé sọ gbogbo rẹ̀ níwájú ọ̀gá Hájíà. Wọ́n pe ère mi ní orúkọ rẹ̀, ère ọ̀ṣọ́ ti amọ̀. Mo san owó ibodè tó tọ́ sí i, wọ́n sì tú ẹrù mi sílẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ ẹrù yà wọ Apple Junction, mo jó láti ẹnu títì dé ṣọ́ọ̀bù, gèlè mi já bọ́, mi ò padà mú un. Délé ńkọ́? Wọ́n gba ìwé àṣẹ ajẹ́ńtì lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹjọ́ onífàyàwọ́ tó fẹ́ kí n lọ jẹ́, òun fúnra rẹ̀ ló ń jẹ́ ẹ ní kọ́ọ̀tù báyìí.

Màmá Alákijà wọkọ̀ wá sílé mi. Wọ́n ní, "Ìyá Fẹ́mi, mo ṣì ọ́ dá lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ wa ni Délé. Bá wa lọ bẹ Hájíà." Mo gbé omi fún wọn, mo fún wọn ní oúnjẹ, mo bọlá fún wọn. Mo wá ní, "Màmá, ẹ̀jẹ̀ ọkọ mi ni àwọn ọmọ mi náà. Nígbà tí Délé gbé wa ṣubú, ta ló lọ bẹ̀ ẹ́?" Mi ò sì lọ.

Mo rí Délé lọ́sẹ̀ tó kọjá, lórí ọ̀kadà, ó ń yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí n má baà rí i. Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: mo rẹ́rìn-ín débi pé oníbàárà mi béèrè bóyá ara mi yá. Tí ẹ̀rín yẹn bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, Ọlọ́run mọ ibi tó ti máa bá mi sọ ọ́. Ṣùgbọ́n Òun náà ló fún mi ní ohun tí mo rí rín!

Olúwa, mo dúpẹ́. O gbèjà opó, mo dúpẹ́. O ò jẹ́ kí àwọn ọmọ mi ṣagbe, mo dúpẹ́. Ìwọ arábìnrin tí ẹbí ọkọ ń lé jáde, ìwọ arákùnrin tí wọ́n parọ́ mọ́ níbi iṣẹ́, má fi ohun tó jẹ́ tìrẹ sílẹ̀ torí kí ilé lè tòrò. Ilé tí wọ́n fi ẹkún rẹ ra ìtòrò rẹ̀, kò lè tòrò. Dúró síbẹ̀. Sọ òótọ́ rẹ. Kí o sì máa ké pe Ẹni tó mọ èdè gbogbo, torí ọ̀tá rẹ ò mọ ẹni tó ń gbọ́ ohun tó ń sọ.

Gbogbo ẹni tó ń yọ́ kòtò gbẹ́ fún yín, ẹnu ara wọn ni yóò tú wọn fó lọ́dún yìí!

Ẹ rọra ń ṣàmín, àbí torí Pásítọ̀ ń wò yín? Ẹ̀yin tí ẹ ní Délé nínú ẹbí yín, ẹ ṣe é sókè!