Wákàtí Kan tí Mo Jí Mọ́ Kọ́mà Lọ́wọ́

Ẹ bá mi ti ilẹ̀kùn yẹn. Rárá, ẹ fi í sílẹ̀, ooru ń mú mi, bí àwọn nọ́ọ̀sì bá sì fẹ́ gbọ́, kí wọ́n gbọ́. Ẹ̀gbọ́n Káfíńtà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Mo mọ̀ pé ẹ kò fẹ́ wà nínú yàrá kan náà pẹ̀lú àbúrò yín. Mo rí i bí ẹ ṣe wọlé tí ẹ kọjú sí fèrèsé, bí ẹni pé àga òfìfo ló wà níbi tó jókòó sí. Èmi ni mo ránṣẹ́ pe ẹ̀yin méjèèjì, n kò sì jẹ́ kí ẹnì kan mọ̀ pé èkejì ń bọ̀, torí bí mo bá sọ ọ́, ẹ kò ní í wá. Ọ̀la ni wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi. Dókítà ní kò séwu, ṣùgbọ́n bàtà ara rẹ̀ ló ń wò nígbà tó ń sọ ọ́. Ohun kan wà ní ikùn mi tí kì í ṣe àìsàn, n kò sì fẹ́ kí wọ́n bá a níbẹ̀ lọ́la. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Tèmi kò tíì pé ogún ọdún, àmọ́ ó ti rẹ̀ mí. Ẹ má dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu o. Bí mo bá dúró báyìí, n kò ní í lè bẹ̀rẹ̀ mọ́.

Kọ́mà ni gbogbo wa ń pe àbúrò yín obìnrin yìí níbi iṣẹ́, torí kò sí kọ́mà tó lè sá pamọ́ fún un nínú ìwé. Èmi àti òun la jọ ń to ọ̀rọ̀ sójú ìwé nílé ìtẹ̀wé, yàrá kan, kọ̀ǹpútà méjì, a kẹ̀yìn síra wa. Yàrá yẹn ni wọ́n ti ń to ìbéèrè ìdánwò, nítorí náà kò sí fèrèsé, kò sí íńtánẹ́ẹ̀tì. Gáàdì á gba fóònù lọ́wọ́ wa lẹ́nu ọ̀nà, á sì fọwọ́ wá gbogbo ara wa bí ẹni ń wá eegun nínú ẹja. Aago kan wà lára ògiri lóòótọ́, ṣùgbọ́n bátìrì rẹ̀ ti kú tipẹ́, kò sì sẹ́ni tó bìkítà, igun kọ̀ǹpútà ni kálukú ti ń wo aago. Ẹ jẹ́ kí ìyẹn yé yín dáadáa. A kì í sì í fi yàrá náà sílẹ̀ lófìfo. Bí ẹnì kan bá lọ jẹun, ẹnì kejì á dúró. Èmi ni ẹ̀gbọ́n níbẹ̀. Èmi ni mo kọ́ ọ níṣẹ́ náà. Kó tó jókòó láàárọ̀, á ti ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o, ṣé ẹ ti rí nǹkan fi panu?" Irú ẹni tí mo ṣe é sí nìyẹn.

Ọmọ mi obìnrin tó dúró síbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì yìí ti ṣe ìdánwò àtiwọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga lẹ́ẹ̀mejì, ó sì fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mejèèjì. Ó kù dẹ̀dẹ̀ kó tún un ṣe ni wọ́n gbé ìbéèrè ìṣirò ìdánwò náà wá síbi iṣẹ́ wa. Ọ̀gá gbé e fún Kọ́mà, kò gbé e fún mi. Ó mọ̀ pé ọmọ mi wà lára àwọn tó fẹ́ ṣe é, ohun tó yẹ kó ṣe náà ló ṣe. Ṣùgbọ́n inú bí mi. Mo ní, ṣé wọ́n ń pè mí lólè ni? Inú bí mi títí mo fi di olè náà gan-an. Ọmọ mi, gbé ojú sókè, ìwọ kò rán mi níṣẹ́.

Kọ̀ǹpútà Kọ́mà ní páásíwọ́ọ̀dù, kì í sì í dìde nídìí rẹ̀ láìtì í pa. Mo bá lọ bá ọkùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, mo parọ́ fún un pé tèmi nílé ni mo gbàgbé páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá, ìyẹn ò le rárá. Irin kọ̀ǹpútà kọ́ ló ń béèrè páásíwọ́ọ̀dù, ètò tó ń darí rẹ̀ ni. A máa da odidi ètò mìíràn sínú fláàṣì fún yín. Ẹ ti fláàṣì bọ̀ ọ́, ẹ tan ẹ̀rọ, ẹ máa tẹ bọ́tìnnì yìí léraléra, kí ẹ ní kó jí láti inú fláàṣì. Ètò ti inú kọ̀ǹpútà á máa sùn lọ ní tirẹ̀, tiyín á sì ṣílẹ̀kùn gbogbo yàrá fún yín." Mo ra fláàṣì, ó sì ní kí n fọwọ́ ara mi ṣe é. Ìgbà àkọ́kọ́, ara mi kò balẹ̀, mo fà á yọ kó tó parí, kò sì jí. A tún un ṣe. Ojú kọ̀ǹpútà dúdú, àwọn lẹ́tà funfun ń sáré gòkè, mo rò pé mo ti bà á jẹ́ ni, kó tó wá mọ́lẹ̀ tó bi mí léèrè: ṣé kí n kàn dán ètò náà wò, àbí kí n fi í sínú kọ̀ǹpútà pátápátá? Ọkùnrin náà gbá ọwọ́ mi. "Ẹ má fọwọ́ kan ìkejì yẹn o! Á gbá gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀rọ dànù." Nígbà tí mo ń lọ, ó tún pè mí padà. Ó ní, "Ẹ ṣọ́ aago o. Ètò yìí ní bó ṣe ń ka aago tirẹ̀. Bí ẹ bá pa á tán, ó lè dá aago kọ̀ǹpútà yín padà sẹ́yìn ní wákàtí kan. Ẹ tún un ṣe kí ẹ tó dìde." Mo ní mo ti gbọ́. Mo sì gbọ́ lóòótọ́.

Lọ́jọ́ náà, abẹ́ aṣọ tí mo fi ń nu awò ojú mi ni mo fi fláàṣì náà sí. Gáàdì ṣí àpò awò, ó rí awò, ó pa á dé. Bí mo ṣe wọlé, Kọ́mà ní, "Ẹ̀gbọ́n, òní ni iṣẹ́ abẹ Màmá o. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n á gbé wọn wọlé. Ọ̀gá ti ní kí n máa lọ tó bá ti di aago mẹ́rin. Màmá ní àwọn gbọ́dọ̀ rí ojú mi kí wọ́n tó gbé àwọn." Mo dá a lóhùn pé Ọlọ́run á ṣe é ní àṣeyọrí. Ẹnu yìí náà ni mo fi sọ ọ́. Nígbà tó lọ jẹun lọ́sàn-án, mo ti fláàṣì bọ kọ̀ǹpútà rẹ̀. Mo tẹ bọ́tìnnì tó yàtọ̀, ó gbé mi lọ sójú ibi páásíwọ́ọ̀dù, mo tún pa á, mo tún tan án. Nígbà tí ìbéèrè yẹn yọ, dán an wò àbí fi í sínú ẹ̀rọ, ìka mi dúró lókè, kò fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Mo yan dán an wò. Mo rí ìbéèrè ìṣirò náà, mo dà á kọ. Bí mo ṣe ń parí ni mo gbọ́ ikọ́ ẹnì kan ní kọ̀rọ̀dọ̀. Mo pa kọ̀ǹpútà, mo fa fláàṣì yọ, mo sá padà síbi àga mi bí ewúrẹ́ tó jẹṣu oníṣu. Aago? N kò rántí aago.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí Kọ́mà tó dé, torí èrò pọ̀ níbi oúnjẹ. Mo ní iná ló ṣẹ́jú, pé kọ̀ǹpútà rẹ̀ ti kú. Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ṣé tiyín ò bà jẹ́?" Tèmi ló ń ṣàníyàn fún! Ó tan án, ó wo igun rẹ̀, ó sì bú sẹ́rìn-ín: "Mo mà yára jẹun lónìí o! Mo rò pé mo ti pẹ́ ni." Etí mi ń hó, ohun tó sọ kò tilẹ̀ wọlé.

Ó ń ṣiṣẹ́ lọ, èmi náà ń díbọ́n pé mò ń ṣiṣẹ́. Ó wá dá iṣẹ́ dúró. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí ni aago wí lọ́dọ̀ yín? Tibí ní aago mẹ́ta, àmọ́ ara mi ń sọ fún mi pé ọjọ́ ti lọ." Mo wo igun kọ̀ǹpútà mi. Aago mẹ́rin ni. Lójú ẹsẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọkùnrin yẹn sọ sí mi lọ́kàn, mo sì mọ ohun tí mo ti ṣe. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, kí ẹnikẹ́ni má gbà mí sílẹ̀ níbi tí mo wí yìí. Lórí kọ̀ǹpútà, mo ṣèèṣì. Ẹnu mi kò ṣèèṣì. Mo rò ó pé bí mo bá ní mẹ́rin, á bèèrè ohun tó ṣe aago tirẹ̀, á pe gáàdì, wọ́n á tú wa yẹ̀bẹ̀yẹ̀bẹ̀, wọ́n á sì rí fláàṣì. Mo ní, "Aago mẹ́ta náà ni." Ó ní, "Ẹ ṣé, Ẹ̀gbọ́n. Ara mi ni ò balẹ̀." Ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Mo sọ fún ara mi pé, dókítà wo ló ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lásìkò nílùú yìí? Ohun tó sì wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Mo fọwọ́ ara mi dá aago kọ̀ǹpútà tèmi padà sí mẹ́ta, bóyá ó lè dìde wá wò ó. Wákàtí kan gbáko ni mo fi jókòó kẹ̀yìn sí i, tí mò ń gbọ́ bó ṣe ń tẹ kíbọ́ọ̀dù, tó ń rọra kọrin. Nígbàkigbà nínú wákàtí yẹn, mo lè yí padà kí n sọ pé, "Àbúrò mi, dìde, máa sáré lọ." Ẹ̀ẹ̀melòó ni mo la ẹnu! N kò sọ ọ́.

Nígbà tó lọ tán, mo tún aago kọ̀ǹpútà méjèèjì ṣe. Ẹnu ọ̀nà ló ti gba fóònù rẹ̀, tó sì rí iye ìgbà tí ẹ ti pè é. Ìyókù, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ, Ẹ̀gbọ́n Káfíńtà. Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ níbi ìsìnkú pé Màmá kò gbé ojú kúrò lẹ́nu ọ̀nà, pé wọ́n ń bẹ nọ́ọ̀sì: "Ẹ dúró díẹ̀ sí i, ọmọ mi obìnrin ń bọ̀, kì í pẹ́." Wọ́n sì dúró díẹ̀, kí wọ́n tó gbé wọn wọlé. Màmá kò jí mọ́. Ẹ nàka sí Kọ́mà lójú gbogbo èèyàn, ẹ ní, "Iṣẹ́ ni ìyá tìẹ. Má dé ẹnu ọ̀nà mi mọ́." Mo wà níbẹ̀, mò ń gbé àga fún àlejò. Ó wá sunkún sí mi léjìká. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣebí mo bi yín léèrè?" Mo sì tún wí pé, "O bi mí lóòótọ́, aago mẹ́ta sì ni nígbà yẹn. Lẹ́yìn ìyẹn lo gbàgbé ara rẹ sídìí iṣẹ́." Ó gbà mí gbọ́. Ó ní ojú òun ló tan òun. Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó ní ojú tó tan òun lọ́jọ́ yẹn, òun ò lè fi to ìwé mọ́. Ẹ wo ọwọ́ rẹ̀, aago méjì ló so mọ́ ọn, síbẹ̀ á tún máa bi èrò ọ̀nà léèrè.

Ìwé tí mo jí ńkọ́? Mo sun ún. Ọwọ́ mi kọ̀ láti gbé e fún ọmọ mi lẹ́yìn ìsìnkú yẹn. Kò sì wọlé lọ́dún náà. Aṣọ rírán ló lọ kọ́, òun ló ń bọ́ mi báyìí. Ẹ ò rí i pé olòṣì olè ni mí! Láti ìgbà tí mo ti dùbúlẹ̀ síbí, Kọ́mà kò pa ọjọ́ kan jẹ. Á ti wà lórí bẹ́ǹṣì níta kí wọ́n tó gba àlejò láyè. Lánàá, ó ń fún mi lómi ẹ̀kọ mu, ó ní, "Ẹ má fòyà, Ẹ̀gbọ́n, kí ilẹ̀ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ náà tó mọ́, màá ti dé."

Ìwọ ọmọ mi, àti ìwọ nọ́ọ̀sì kékeré tó fara pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ẹ gbọ́ o. Bí ẹ bá ti ṣe ohun tí kò dáa, tí ẹnì kan sì bi yín ní ìbéèrè kékeré kan, ẹ dá a lóhùn òtítọ́, kódà kí wọ́n tìtorí ẹ̀ lé yín níṣẹ́. Ẹ̀wọ̀n tí mo sá fún lọ́jọ́ yẹn ì bá ti parí tipẹ́. Kọ́mà, má sunkún. Ojú rẹ kò tàn ọ́. Èmi ni. Ẹ̀gbọ́n Káfíńtà, n kò ní kí ẹ dárí jì mí, n kò tíì tọ́ sí i. Bí ẹ bá fẹ́ gbá mi létí, etí mi rèé. Ẹ má kàn máa wo èmi mọ́. Àbúrò yín bèèrè ọ̀nà ọ̀dọ̀ ìyá yín lọ́wọ́ mi, èmi ni mo ṣì í lọ́nà, ẹ sì ti fi gbogbo ọdún wọ̀nyí ṣe é bí ọ̀tá. Ó jókòó síbẹ̀ yẹn. Ẹ sọ̀rọ̀ sí i. Ohun yòówù kó jẹ́, Ẹ̀gbọ́n, ẹ kàn pe orúkọ rẹ̀ kí n gbọ́.