Kólò Tí Ẹ Gbé Lé Mi Lọ́wọ́

Àáfà Tìrìmísíyù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá àdúrà ìparí yẹn dúró díẹ̀. Ẹ̀yin ẹbí ọkọ mi, ẹ má bínú pé mo dìde láàárín àgbà. Àlájà Mutmainah, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ẹ̀yin lẹ gbé kólò yìí lé mi lọ́wọ́ níṣojú gbogbo èèyàn, ẹ sì ní kí àwọn ìyàwó ilé Ẹ̀pẹ́ yìí wá fi mí ṣe àwòkọ́ṣe. Ẹ ní obìnrin tó mọ owó ṣọ́ bíi Fẹ̀hìntọlá ṣọ̀wọ́n. Bí mo bá fi ìyìn yẹn gbé kólò yìí lọ sí Ìkòròdú, àfi kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì. Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Tèmi kọ̀, kò bá mi dákẹ́. Ó ti ń pariwo nínú mi láti ogójì ọjọ́ tí Ìdrís ọmọ yín, Bàbá Aisha mi, ti kú. Òótọ́ ni mo fẹ́ sọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán kí ẹnikẹ́ni tó sunkún, nítorí bóyá ẹ ò ní fẹ́ bá mi sunkún mọ́ bí mo bá sọ ọ́ tán.

Ẹ mọ bí nǹkan ṣe wọ́n. Ọdún tí onílé wa fi owó kún owó ilé lẹ́ẹ̀mejì, Bàbá Aisha pè mí jókòó, wọ́n ní, “Ìyá Aisha, bí a ò bá dín ìnáwó wa kù, ilé onílé la máa darúgbó sí.” Wọ́n ti rí ààbọ̀ púlọ́ọ̀tì ilẹ̀ kan ní Agbowa, ọkàn wọn sì ti lọ síbẹ̀. Wọ́n mú mi lọ sọ́dọ̀ káfíńtà, ó kan kólò yìí pa ní gbogbo ìhà, ojú kékeré tí owó ń gbà wọlé nìkan ló ṣẹ́kù. A gbé ọwọ́ lé e, a búra pé a ò ní ṣí i àfi lọ́jọ́ tí a bá fẹ́ san owó ilẹ̀. Bàbá Aisha tún ṣe òfin kan. Wọ́n ní ohunkóhun tó bá wu ẹnikẹ́ni nínú wa láti rà, kó fi sùn fún ọjọ́ mẹ́ta. Bó bá ṣì ń wù ú lọ́jọ́ kẹrin, ká jọ jókòó sọ ọ́. Wọ́n pa òfin náà mọ́. Wọ́n fi tíì àti búrẹ́dì tí wọ́n ń rà láràárọ̀ sílẹ̀ ní Èbúté Ìkòròdú, níbi tí wọ́n ti ń bójú tó àwọn tó ń kó yanrìn sínú tírélà. Ẹsẹ̀ ni wọ́n ń fi rìn bọ̀ wálé. Aago kan wù wọ́n nígbà kan, wọ́n fi sùn, lọ́jọ́ kẹrin wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, “Ó ti kúrò lójú mi.” Bí wọ́n bá ti kí Jímọ̀ dé, wọ́n á gbé kólò yìí ní ọwọ́ méjèèjì bí ẹni gbé ọmọ tuntun, wọ́n á ní, “Ó ti ń wúwo, Fẹ̀hìn.”

Èmi ńkọ́? Ebi ò pa mí, aṣọ ò wọ́n mi. Ojú mi ni kò gbọ́ràn. Obìnrin kan wà lórí fóònù tó máa ń tú bèélì òkìríkà nínú fídíò lọ́sàn-án, tí gbogbo wa á máa wò ó. Á na aṣọ kan sókè, ẹni tó bá kọ́kọ́ kọ “Tèmi” ló ni ín. Ta ló fẹ́ fi ìyẹn sùn ọjọ́ mẹ́ta? Kí o tó mí kanlẹ̀, ẹlòmíì ti gbé e. Ọwọ́ mi á ti kọ “Tèmi” kí ọgbọ́n orí mi tó dé. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ òmùgọ̀: ọ̀pọ̀ nínú aṣọ yẹn ni kò gba ìdí mi. Pé mo ṣáájú àwọn yòókù ló ń dùn mọ́ mi. Owó ọbẹ̀ ni mo kọ́kọ́ fi ń san án. Mo máa ń sọ fún Bàbá Aisha pé ẹja ti wọ́n, wọ́n á sì jẹ ìrù ẹja, wọ́n á ní Ọlọ́run á pèsè. Nígbà tí owó ọbẹ̀ ò tó mọ́, mo dojú kólò dé, mo fi píìnì irun fa owó jáde lójú ihò rẹ̀. Owó ń bẹ níbẹ̀ lónìí, kò sí lọ́la. Kí kólò má baà fúyẹ́, mo gé kàlẹ́ńdà àtijọ́ ní ìwọ̀n náírà, mo ká a, mo tì í wọlé. Kàlẹ́ńdà lọkọ mi ń gbé sọ́wọ́ ní gbogbo Jímọ̀ tó ń sọ pé ó ń wúwo.

Ọ̀dọ̀ Ìbídùnní, onídìrí ẹ̀gbẹ́ ilé wa, ni ọlọ́kadà máa ń gbé ẹrù náà sí. Lọ́jọ́ kan ó ní, “Ìyá Aisha, aṣọ yín ti kún ṣọ́ọ̀bù mi o. Ẹ ò sì wọ ọ̀kankan.” Mo ní, “Màá wọ̀ ọ́ bí a bá kó dé ilé tiwa.” Ó pòṣé. Ó ní, “Ilé wo?” Mo fún un ní báàgì kan kó lè panu mọ́, ó sì gbà á.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ti ń bá Bàbá Aisha jà tipẹ́. Nígbà tí oògùn gbówó lórí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó lónìí, kí wọ́n fi tọ̀la sílẹ̀. Ó yẹ kí n figbe ta. Ohun tí mo sọ ni pé, “Ẹ kú ìfaradà.” Nígbà tó tán pátápátá, wọ́n jókòó síwájú kólò yìí lọ́jọ́ Sátidé kan, wọ́n ní, “Ìyá Aisha, orí ń fọ́ mi láti àná. Ṣé ká ṣí i, ká mú owó oògùn nínú ẹ̀? Màá dá a padà.” Owó tó ṣẹ́kù nínú kólò lọ́jọ́ yẹn tó ra oògùn. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: ó tó! Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ṣí i, wọ́n á rí kàlẹ́ńdà. Ni mo bá jókòó lé kólò lórí, mo ní, “Ṣé ẹ ti gbàgbé ìbúra wa ni? Bí a bá ṣí i lónìí torí orí fífọ́, a máa ṣí i lọ́la torí ìrẹsì. Ẹ jẹ́ kí n se àgbo fún yín.” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, “Òótọ́ lo sọ. O lágbára jù mí lọ.” Wọ́n sì ṣàdúrà fún mi. Èmi, ìkà yìí, ni wọ́n ṣàdúrà fún. Ọ̀sán ọjọ́ náà ni mo kọ “Tèmi” sí gáùn aláwọ̀ ewé kan, mo sì fi owó tó ṣẹ́kù san án.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi ṣubú ní Èbúté. A gbé wọn dé ọsibítù láàárọ̀, wọ́n ní ká san owó ká tó lè ya àwòrán orí wọn. Àlájà, ẹ sáré wá láti Ẹ̀pẹ́. Ẹ ní kí ẹnìkan lọ fọ́ kólò wá. Mo dì mọ́ yín lẹ́sẹ̀, mo ní Bàbá Aisha ò ní dárí jì mí bí mo bá ba ìbúra jẹ́. Ẹ sunkún, ẹ ní, “Ẹ̀yin ọmọ yìí mà ní ìfaradà o.” Ẹ wá tẹ ará ọjà láago pé kí wọ́n ta fírísà tí ẹ fi ń tọ́jú ẹja. Ìrọ̀lẹ́ ni owó náà tó dé. Láàárín àárọ̀ sí ìrọ̀lẹ́ yẹn, ẹnu ọkọ mi ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ohun tí wọ́n fi ìwọ̀nba ohùn tó kù sọ fún yín ni pé, “Kólò, ti Fẹ̀hìn ni. Ẹ má pín in. Ó jìyà lórí ẹ̀.” Wọ́n yí ojú sí mi, wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo gba ọpẹ́ náà. Wọ́n kú lọ́jọ́ kejì, wọ́n ṣì gbà pé ilẹ̀ Agbowa ń bọ̀.

Òótọ́ nìyẹn. Ẹ̀yin ọmọge tí ẹ di fóònù mú lẹ́nu ọ̀nà yẹn, èmi ò ní láárí tí mo fi lè bá yín wí, ẹ ṣáà wò mí dáadáa. Aisha, má sá lọ, ọmọ mi. Dúró kí o rí i, kí ẹnikẹ́ni má baà wá sọ fún ọ lọ́la pé irọ́ ni wọ́n pa mọ́ ìyá rẹ. Àlájà, mi ò ní kí ẹ dárí jì mí lónìí. Ẹ fi sùn fún ọjọ́ mẹ́ta bí àbúrò yín ṣe máa ń ṣe. Lọ́jọ́ kẹrin, ohunkóhun tó bá ṣì wù yín láti ṣe fún mi, màá wà nílé. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí n gbé e lọ bẹ́ẹ̀. Ẹ bá mi wá òòlù, kí ẹ fọ́ ọ níbí.