Ìyá Tí Wọ́n Ní Kó Dúpẹ́

Lọ́dún tí ṣọ̀pọ̀ná jà ládùúgbò wa, a tò sí ìsàlẹ̀ Mápó kí wọ́n lè bupá fún wa. Obìnrin kan tó pọnmọ níwájú mi ń bá ìyá àgbà kan sọ̀rọ̀.

“Ìyá, wọ́n bupá fún àkọ́bí mi. Apá rẹ̀ wú, ibà gbé e dè, ó sì kú. Ẹ̀rù ń bà mí.”

“Ó máa ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ọmọ mi. Èmi ò jẹ́ kí wọ́n bupá fún àwọn tèmi. Ṣọ̀pọ̀ná pa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọ́n ní òrìṣà ló mú wọn, pé n ò gbọdọ̀ sunkún, kí n máa dúpẹ́.”

“Ẹ sì dúpẹ́?”

“Mo dúpẹ́.”

Nígbà tó kan obìnrin tó pọnmọ náà, ó tú ọ̀já, ó na apá ọmọ sí àwọn tó ń bupá, ó sì gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.